Harkha àti Okùn Tó Fi Ìka Méjì Kúrú

Ní àdúgbò àwọn ayàwòrán ní Patan, láyé ìgbà tí àwọn súlútáànù ń jọba ní Gujarat, kò sẹ́ni tí kò mọ Vasto. Àǹjọ̀nnú ló mọ̀ ọ́n yà. Bí Vasto bá ya àǹjọ̀nnú sínú ìwé, eyín rẹ̀ á yọ ṣọnṣọ, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ẹyin iná, ikùn rẹ̀ á sì rí bíi ti ẹni tó jẹun níbi ìgbéyàwó mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Erin rẹ̀ dára. Ẹṣin rẹ̀ dára. Kẹ̀kẹ́ ogun rẹ̀, èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ ariwo rẹ̀. Obìnrin nìkan ni kò mọ̀ ọ́n yà. Obìnrin tí Vasto bá yà, òpó ilé tí wọ́n wọ aṣọ fún ni.

Ìyàwó rẹ̀ lọ̀rọ̀ kàn. Harkha lorúkọ rẹ̀. Ìdílé ayàwòrán ni wọ́n ti bí òun náà, àmọ́ ara aṣọ ni tiwọn: wọ́n á fi ìda gbígbóná ya ẹyẹ àti òdòdó sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Láti ọmọ ọdún méje ni Harkha ti ń ya pẹ́pẹ́yẹ sí etí aṣọ, ọ̀wọ́ pẹ́pẹ́yẹ tí ń tẹ̀ lé ara wọn láti igun kan dé èkejì. Ìda gbígbóná kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, aṣọ ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ọwọ́ Harkha kì í gbọ̀n. Nígbà tó máa wọlé ọkọ lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, aró ò tíì ṣí tán léèékánná rẹ̀, làwọn obìnrin àdúgbò bá ń pè é ní Ìyàwó Aláró. Ó ní ẹ ṣeun, ó sàn ju làálì tiwọn lọ, tiwọn á ti ṣí kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nílé Vasto, iṣẹ́ àwọ̀ lílọ̀ ni wọ́n fún un. Ó á jókòó ti ọlọ, á máa lọ òkúta pupa fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, títí tó fi máa fi ìka méjì ra á tí kò ní gbọ́ ìró yanrìn kankan. Ìkarahun òkun ló ń lọ̀ fún funfun, èéfín àtùpà ló ń gbá jọ fún dúdú. Ó á po gbogbo rẹ̀ mọ́ oje igi, á tò wọ́n sínú ìkarahun kéékèèké síwájú ọkọ rẹ̀, á sì padà sídìí ọlọ. Láti ibẹ̀ ló ti ń wo gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe.

Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ara tu Vasto, torí àwọn oníṣòwò ẹlẹ́sìn Jain ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbéṣẹ́ wá, ìwé àwọn ẹni mímọ́ wọn ni wọ́n sì ń fẹ́. Ẹni mímọ́ á jókòó jẹ́jẹ́, á ká ẹsẹ̀ kò. Bó bá tiẹ̀ jọ òpó, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn olówó mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìtàn Krishna, ọlọ́run tó dàgbà láàárín àwọn darandaran. Ìtàn yẹn kún fún obìnrin ni: ìyá tó tọ́ ọ, àwọn tí ń fún wàrà, àwọn tó gbọ́ fèrè rẹ̀ tí wọ́n ju ìkòkò sílẹ̀ lórí iná. Òógùn bo Vasto.

Lọ́jọ́ kan, ó fa ìlà àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n dúró létí odò tí wọ́n ń gbọ́ fèrè, ó sì jáde lọ wẹ̀. Harkha wò wọ́n láti ìdí ọlọ. Ó ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró bí ẹni tí ń dúró de kí wọ́n fi òrùlé lé wọn lórí. Ó nu ọwọ́, ó mú búrọ́ọ̀ṣì onírun ọ̀kẹ́rẹ́. Ó tẹ orúnkún ẹni àkọ́kọ́, ó yí ìbàdí ẹnì kejì, ó ní kí ẹnì kẹta gbé apá lé èjìká ẹnì kejì, bí obìnrin tó ti ń ru omi láti àárọ̀ ṣe máa ń ṣe bó bá rí èjìká tó sún mọ́ ọn. Ó padà sídìí ọlọ.

Vasto dé, ó wo ìwé náà títí. Ó ní ọwọ́ òun ti ń là. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń sọ ọ́ kiri àdúgbò, tó ń pe àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó, Harkha ò sì sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹrin ó jókòó láti ya obìnrin mìíràn. Òpó ló bọ́ sílẹ̀. Ó tún yà á, òpó kejì tẹ̀ lé e. Harkha rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọmọ ọlọ sílẹ̀.

“Ta ló ya àwọn ọjọ́sí?” Vasto bi í.

“Ẹ̀yin kọ́? Ẹ ti sọ fún gbogbo àdúgbò.”

“Harkha.”

“Ẹni tó ń lọ àwọ̀ ni.”

Vasto kò bínú. Irú èèyàn tí ń bínú kọ́ ni. Ó fi ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì họ orí, ó rò ó, ó sì ní, “Kò burú. Èmi á máa ya àwọn tó léyín, ìwọ á máa ya àwọn tó ní ìbàdí.”

Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ nìyẹn. Àǹjọ̀nnú, ogun, igi àti erin di ti Vasto. Obìnrin, ọmọdé àti màlúù di ti Harkha. Wọn ò sọ fún ará ìta, torí ìwé mímọ́ ni, àwọn tó ń gbéṣẹ́ wá sì fẹ́ gbà pé ọkùnrin tó wẹ̀ ní ìdájí, tó gbàdúrà, ló fọwọ́ kan gbogbo ojú ìwé náà. Kò sẹ́ni tó béèrè, wọn ò sì wí.

Ọdún karùn-ún ni wọ́n bí Jivi. Nígbà tí Jivi fi máa pé ọmọ ọdún méjì, ilé ti kéré fún un. Inú ìkarahun àwọ̀ ló máa ń fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀, bí wọ́n bá gbé àwọ̀ sókè, ó á di orí àtẹ̀gùn, bí wọ́n bá dí àtẹ̀gùn, ó ti wà lójú títì. Harkha bá mú ọ̀já, ó so ó mọ́ ìbàdí ọmọ, ó so ìdí kejì mọ́ òpó ilé, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Jivi á pariwo díẹ̀, á wá jókòó máa bá òpó sọ̀rọ̀.

Ọdún yẹn ni iṣẹ́ Ìyá Ladki dé. Opó ni Ladki, ìyá Somchand tó ń ta òwú. Ó fẹ́ kí wọ́n ṣe ìwé ìgbà èwe Krishna fún òun, èyí tí akàwé á máa kà fún òun àti àwọn obìnrin àdúgbò ní oṣù mẹ́rin òjò, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kó lè rìn lọ sí tẹ́ńpìlì. Akọ̀wé Sarang ni wọ́n gbé e fún, ọkùnrin tínínrín kan láti ìran àwọn àlùfáà, tí lẹ́tà rẹ̀ ń tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Sarang á kọ ọ̀rọ̀ sí ojú ìwé, á fi àyè sílẹ̀ fún àwòrán, á wá kọ ọ̀rọ̀ bíńtín sí etí ìwé kí ayàwòrán lè mọ ohun tó máa yà níbẹ̀. Harkha kò mọ̀wé kà. Vasto mọ̀ ọ́n kà díẹ̀, bí ẹni tó ń gun òkè.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó kan ojú ìwé tí ìyá Krishna ti de ọmọ rẹ̀ mọ́ odó. Vasto ka ọ̀rọ̀ etí ìwé náà fún un, àmọ́ Harkha ti mọ ìtàn náà láti kékeré. Krishna jí bọ́tà jẹ, ó fọ́ ìkòkò, ó fún ọ̀bọ nínú rẹ̀, ìyá rẹ̀ Yashoda bá ní òní ni òun máa dè é mọ́lẹ̀. Ó mú okùn, okùn fi ìka méjì kúrú. Ó so òmíràn mọ́ ọn, ó tún fi ìka méjì kúrú. Ó so gbogbo okùn ilé pọ̀, ìka méjì náà ló ṣì kù, torí ta ló lè de ọlọ́run? Ìgbà tí ọmọ náà rí i pé ó ti rẹ ìyá òun ló ṣàánú rẹ̀, tó jẹ́ kó de òun. Àwọn ayàwòrán yòókù, okùn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń yà, tó gún régé, Yashoda á dúró tì í, ẹ̀gbà ọrùn á pé, ìborí á wà lórí.

Harkha ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa ìlà àkọ́kọ́ ni ó gbójú sókè tí kò rí Jivi mọ́. Ọ̀já nìkan ló kù lára òpó. Búrọ́ọ̀ṣì pupa kan sì ti bá ọmọ lọ.

Ó sáré jáde. Wọ́n ní Jivi gba ọ̀nà ibi kànga. Ó dé ibi kànga, wọ́n ní ó ti kọjá lọ sílé ẹlẹ́fọ̀n, ẹni tó ń sin ẹfọ̀n fún wàrà. Ó bá ọmọ níbẹ̀ tó jókòó sábẹ́ ikùn ẹfọ̀n ńlá kan, tó ń fi ìfarabalẹ̀ kun pátákò rẹ̀ ní pupa. Ẹfọ̀n náà ń jẹ koríko, kò bìkítà. Harkha fẹ́ mú un, ọmọ gba abẹ́ ẹfọ̀n jáde ní òdì kejì. Ó yí ká, ọmọ ti padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin ibi kànga gbé ìkòkò sílẹ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Nígbà tó fi máa rí ọmọ náà dì mú lẹ́sẹ̀ kan, ìborí rẹ̀ ti já sọ́rùn, irun rẹ̀ ti tú, òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, inú sì bí i débi pé ó fẹ́ẹ́ sunkún. Ọmọ wo ojú rẹ̀ báyìí, ó na apá méjèèjì sí i pé kó gbé òun.

Harkha gbé e délé, ó tún un so, ó sì jókòó síwájú ìwé láìtíì mí délẹ̀. Obìnrin tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín níbi ẹfọ̀n yẹn ló yà. Irun títú, ìborí lọ́rùn, òógùn níwájú orí. Okùn márùn-ún ló so pọ̀ sọ́wọ́ rẹ̀, kò sí èyí tó jọ èkejì: okùn ẹran, okùn kànga, okùn tí wọ́n fi ń po wàrà, ọ̀já kan, níparí rẹ̀ etí aṣọ ìyá náà fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, orí okùn méjèèjì kò tíì kan ara wọn. Ọmọ náà, ó fi àwọ̀ aró kùn ún bí wọ́n ṣe máa ń kun Krishna, ó ní kó dúró ti odó, kó máa wo ìyá rẹ̀ lójú. Vasto wò ó. Ó kan lọ gbé oúnjẹ kaná fúnra rẹ̀.

Nígbà tí Sarang wá kó iṣẹ́, ó gbé ojú ìwé náà sí ìmọ́lẹ̀.

“Vasto, kí lèyí?”

“Ìyá Krishna ni, Bàbá.”

“Mo mọ̀ pé ìyá Krishna ni. Ìborí rẹ̀ dà? Kí lomi tó wà níwájú orí rẹ̀ yìí?”

“Òógùn ni.”

Sarang ní ẹni tí wọ́n máa fi òdòdó bọ kò gbọdọ̀ jọ ẹni tí ń lé ewúrẹ́. Ó ní kí Vasto ha á kúrò, kó ya òmíràn, kí òun rí ìlà rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ó yẹ kí Vasto wá àwáwí. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fa tákàdá àjẹkù kan mọ́ra, ó ya Yashoda. Akọ̀wé wo òpó, ó wo ojú ìwé. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń bá ayàwòrán ṣiṣẹ́. Ó béèrè ẹlòmíràn tó ń fọwọ́ kan ìwé òun nínú ilé náà. Vasto gbójú sókè sí àjà.

Harkha jáde láti ẹ̀yìn, ó fa ìborí bo iwájú orí. “Èmi ni mo yà á, Bàbá. Gbogbo obìnrin inú ìwé yẹn, èmi ni. Àwọn màlúù náà, èmi ni. Ẹ má bínú sí i, àwọn àǹjọ̀nnú nìkan ni tiẹ̀.”

Sarang jókòó. Èèyàn burúkú kọ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ní Ìyá Ladki máa gbé ìwé yìí ka orí àpótí mímọ́, á máa fi òdòdó àti igi olóòórùn dídùn bọ ọ́, bó bá sì gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé obìnrin tí kò ka àdúrà kankan ló yà á, ọ̀rọ̀ máa burú. Òun ò lè fi pa mọ́. Kí wọ́n múra, ọ̀la làwọn máa lọ bá a.

Harkha kò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó ń rò ni pé òun ti ba iṣẹ́ ọkọ òun jẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lábẹ́ ìyẹn, tí ojú ń tì í láti sọ: ó wù ú kí ẹnì kan wò ó, kó sì sọ pé ó dára.

Orí jangirọ́fà ni wọ́n bá Ìyá Ladki, ìyá kékeré kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Somchand, ọkùnrin fìrìgbọ̀n, dúró ti ìlẹ̀kùn. Sarang sọ ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá na ọwọ́ gba ojú ìwé, ó gbé e sún mọ́ ojú títí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀.

“Okùn mélòó nìyí?”

“Márùn-ún, Ìyá,” ni Harkha dá a lóhùn.

“Èyí tó lódòdó lára yìí ń kọ́?”

“Etí aṣọ rẹ̀ ni, Ìyá. Okùn ti tán nílé.”

Ìyá Ladki yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Somchand, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ kí n tó tú ẹ kúrò lára àká?”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, àlejò wà níbí.”

“Ọdún mẹ́ta ni,” ìyá sọ fún àwọn àlejò. “Etí aṣọ mi ni mo fi dè é. Aṣọ tó dáa ni o. Ó jẹ ẹ́ tán.”

Sarang wúkọ́. Ó fi ìtẹríba sọ pé ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ló kù, pé kí Ìyá béèrè bóyá obìnrin yìí tilẹ̀ wẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ìwé. Ìyá béèrè. Vasto ń fi ojú bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó ṣáà ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Mo wẹ̀ láàárọ̀, Ìyá,” Harkha ní. “Ṣùgbọ́n ọmọ mi sá lọ, mo lé e, mi ò ráyè wẹ̀ mọ́ kí n tó jókòó. Ìgbẹ́ ẹfọ̀n wà lẹ́sẹ̀ mi nígbà tí mo yà á.”

Jangirọ́fà ń dún kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́.

“Sarang,” Ìyá ní, “kí làwọn tó tọ́ Krishna ń sìn?”

“Màlúù ni, Ìyá.”

“Kí ló máa ń wà lẹ́sẹ̀ wọn?”

Sarang wolẹ̀. Nígbà tó yá, òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré bíi ti ẹni tí wọ́n gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ fún. Ìyá Ladki ní kí Harkha máa wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ọkàn akọ̀wé lè balẹ̀, kó sì parí ìwé náà. Ohun kan ṣoṣo ló ní kó tún ṣe. Ó ní àlàfo tó wà láàárín orí okùn méjèèjì ti fẹ̀ jù. Ìka méjì ni wọ́n wí. Ó gbé ìka rẹ̀ méjì tó ti wọ́ lé ojú ìwé láti fi hàn wọ́n, ìka náà bo ọmọ, ó bo odó, ó bo ìdajì ìyá.

“Ìka tèmi kọ́ o,” ó ní. “Ìka ti ìyá inú ìwé yìí ni.”

Harkha padà sílé, ó ṣe é. Àlàfo náà wá kéré débi pé ẹni tó bá ń wò ó á fẹ́ fọwọ́ ran ìyá náà lọ́wọ́.

Nígbà òjò, wọ́n pe òun náà wá gbọ́ ìwé náà nílé Ìyá Ladki. Ó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, ó gbé Jivi lé itan. Akàwé ń kà, ó ń gbé àwòrán sókè fún wọn. Àǹjọ̀nnú Vasto dé, àwọn ọmọdé sá mọ́ ìyá wọn. Nígbà tó kan ojú ìwé ti okùn, obìnrin kan ní òun náà dè, ẹsẹ̀ ibùsùn lòun so tòun mọ́. Òmíràn ní tòun wọ́ ibùsùn lọ. Ẹnì kan ní ọkọ òun gan-an ló yẹ kóun dè. Akàwé dúró, ó tún dúró, ó pa ìwé dé, ó ní kí wọ́n gbé omi wá fún òun. Harkha ò sọ pé òun ni. Ó kan ń gbọ́, ara rẹ̀ gbóná bí ẹni tó jókòó sídìí iná nígbà òtútù.

Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Orúkọ akọ̀wé àti ti Ìyá Ladki ló wà níbẹ̀. Sarang tilẹ̀ bi í ohun tó fẹ́ kóun fi san án fún un. Harkha ní kó kọ́ Jivi níwèé kíkà, ìwọ̀nba tó máa fi lè ka ọ̀rọ̀ etí ìwé. Ìdí wà fún un: lọ́dún tó ṣáájú, akọ̀wé kan kọ ọ́ pé Krishna gbé iná igbó mì, Vasto kà á ṣì, ó ya Krishna tó ń jẹ máńgòrò, èso rẹ̀ pọ́n dáadáa. Odidi ojú ìwé ló ṣòfò. Láti ìgbà tí Jivi ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, òun ló ń kà fún wọn, Vasto á sì ní, “Ẹ gbọ́, ọ̀gá ti sọ̀rọ̀.”

Wọ́n bá iṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Vasto ṣáájú kú, ní ọjọ́ ogbó, ó sì ń ṣàwàdà títí dé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Harkha ṣì yàwòrán fún ọdún mẹ́ta sí i. Àwọn tó ń gbéṣẹ́ wá kò béèrè ọkùnrin mọ́. Wọ́n á kàn kan ìlẹ̀kùn, wọ́n á béèrè Ìyá Jivi. Àwọn àǹjọ̀nnú ló wá ṣòro fún un. Ó gbìyànjú wọn, ojú gbogbo wọn dà bíi ti ẹni tí ebi kàn ń pa.

Nígbà tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, Jivi mú un lọ sílé ọkọ tirẹ̀ ní Khambhat. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí òkun láyé rẹ̀. Jivi dì í lọ́wọ́ mú dé etí omi. Harkha dúró, ó wo ìgbì tí ń wọ́ bọ̀ tí ń fọ́n ká sẹ́sẹ̀ wọn. Ó ní ogójì ọdún lòun fi ń ya omi bí ẹni tí ń hun ẹní, ìlà lókè, ìlà nísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn. Ó ní ta ló parọ́ yìí fún àwọn? Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó gbé etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì ní kí Jivi wá fún òun ní ọ̀pá kan kóun fi yà á sórí yanrìn.